Ẹ̀kán Ẹ̀jẹ̀ Kan: Kí Ni Wọ́n Ń Kọ́ Nínú Ìmọ̀ Ohun Abẹ̀mí ní Yunifásítì?

Tí ẹ bá bi ọmọ SS3 mẹ́wàá nílé ìwé yìí ní ohun tí wọ́n fẹ́ lọ kà, àfàìmọ̀ kí méje má sọ pé Medicine. Tí èsì JAMB bá wá dé, tí wọ́n fún èèyàn ní Biochemistry tàbí Microbiology, ńṣe ni ilé á dà bí ilé ọ̀fọ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó wà nínú àwọn kọ́ọ̀sì yìí ná, ká tó máa sunkún.

Gbogbo wa la mú èsì jẹ́nótáìpù wá nígbà tá a ń wọlé síbí: AA, AS tàbí SS. Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n? Nínú ẹ̀jẹ̀, èròjà pupa kan wà tó ń gbé ọ́síjìn kiri, hemoglobin lorúkọ ẹ̀. Wọ́n á kán an sórí pépà pẹlẹbẹ kan tí omi kẹ́míkà ti rin, wọ́n á wá fi iná mànàmáná sí i. Hemoglobin A á sáré ju S lọ sí apá pọ́sítíìfù. Ìdí ni pé valine ló jókòó sáyè glutamic acid nínú ti S, glutamic acid yẹn ló sì ní iná nẹ́gétíìfù lára. Ẹni tó bá jẹ́ AS, ìlà méjì ló máa yọ. Àṣìtò kékeré yìí ló wà nídìí ìrora tó ń dé bá àwọn ọ̀rẹ́ wa kan nígbà ọyẹ́. Biochemistry nìyẹn o.

Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ yẹn náà, ẹni tó ka Animal Biology á wá kòkòrò ibà nínú ẹ̀, á sì tọpa ẹ̀fọn tó gbé e wá. Onímọ̀ Microbiology á bá bakitéríà àti fáírọ́ọ̀sì lọ. Onímọ̀ jíìnì á ní kí ló dé tí ibà kì í sábà ṣe ọmọ AS bó ṣe ń ṣe ọmọ AA.

Ibi tó ti le rèé: Microbiology kì í ṣe Medical Laboratory Science! Ọdún mẹ́rin ni ti àkọ́kọ́, márùn-ún ni ti èkejì. Láti ìgbà òfin ọdún 2003, ẹni tí Medical Laboratory Science Council of Nigeria bá fún ní láísẹ́ǹsì ló lè pe ara ẹ̀ ní sáyẹ́ǹtíìsì láàbù ìṣègùn. Ẹ̀gbọ́n mi kan, lẹ́yìn tó sin ilẹ̀ baba ẹ̀ tán ló tó gbọ́. Ó padà sí kíláàsì.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má fojú tín-ín-rín Microbiology tàbí Biochemistry. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, Redeemer's University ní Ẹdẹ, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ni wọ́n ti kọ́kọ́ ka jíìnì fáírọ́ọ̀sì kòrónà nílẹ̀ Áfíríkà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi ló ṣáájú wọn. Kì í ṣe dókítà oníwòsàn. Yunifásítì Ìbàdàn ló ti gba PhD. Àwọn ènìyàn ẹ̀ ló ń bá ilé ìwòsàn Irrua, ní ìpínlẹ̀ Ẹdó tá a wà yìí, ṣiṣẹ́ lórí ibà Lassa.

Ẹ má rò pé ọgbà UNIBEN tá a máa ń kọjá ní Ekenwan Road tá a bá gba exeat ni wọ́n ti ń kọ́ ọ o. Ugbowo ni, níbi tí ilé ìwòsàn UBTH náà wà. Fún JAMB, English, Biology, Chemistry àti Physics ni ẹ máa ṣe; WAEC á fi Maths kún un, krẹ́díìtì márùn-ún. Ẹ̀yin SS1 tó fẹ́ fi Physics sílẹ̀, iná mànàmáná ló ń ti hemoglobin kiri lórí pépà yẹn o. Ẹ̀yin SS3 ní tiyín, ẹ wo bróṣọ̀ JAMB dáadáa, kí ẹ mọ èyí tó ní láísẹ́ǹsì àti èyí tí kò ní, kí ẹ tó kọ ohunkóhun sínú fọ́ọ̀mù.