Ṣáínà Dìde: Ta Ló Gbé Wọn Ga?

Bíbélì kíkà: Dáníẹ́lì 2:20-21, 4:28-37, Mátíù 5:45

Bí mo ṣe ti ìṣọ́ òru dé láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹni tí a jọ ń gbé yàrá bi mí pé: "Àwọn ará Ṣáínà kì í ṣe ìṣọ́ òru, síbẹ̀ àwọn ló ṣe ojú irin Àbújá sí Kàdúná. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi gbogbo òru kígbe ńkọ́? Kí lẹ rí?" Mi ò rí èsì fún un. Ìbéèrè yẹn ló mú mi jókòó ti ìtàn Ṣáínà àti Bíbélì mi.

1. Iṣẹ́ ní èrè
Nígbà tí Mao Zedong kú ní 1976, tálákà ló pọ̀ jù ní Ṣáínà. Láti 1978, Deng Xiaoping àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yí ọ̀nà padà. Wọ́n jẹ́ kí àgbẹ̀ máa ta ohun tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn ìpín ìjọba. Ní 1980 wọ́n ṣí Shenzhen sílẹ̀ fún oníṣòwò ilẹ̀ òkèèrè. Nígbà tó fi di 2010, ọrọ̀ ajé wọn ti kọjá ti Japan. Amẹ́ríkà nìkan ló kù níwájú wọn. Bíbélì kò ta ko èyí. Jésù kọ́ wa pé òjò Baba ń rọ̀ fún olódodo àti aláìṣòdodo. Ẹni tó bá ro oko rẹ̀ yóò kórè, bí kò tilẹ̀ mọ Ẹni tó rọ òjò. Àdúrà kì í gba iṣẹ́ ṣe fún ọ̀lẹ. Bí a bá ti ìṣọ́ òru dé tí a lọ ṣe màgòmágó nínú ìdánwò, kí la fẹ́ kórè?

2. Agbára kì í ṣe ẹ̀rí òdodo
Ọlọ́run ló fún Nebukadinésárì ní ìjọba, síbẹ̀ ibi tó ti ń fi ìlú tó kọ́ yangàn ni a ti gba ìjọba náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1989, àwọn ọmọ ogun Ṣáínà yìnbọn fún àwọn tó ń fẹ̀hónú hàn ní Beijing. Akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa wà láàárín wọn. Ilé gíga kò bo ẹ̀jẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú Ọlọ́run.

3. Ìjọ kò dúró de agbára
Lẹ́yìn 1949, wọ́n lé àwọn míṣọ́nnárì kúrò. Láti 1966, wọ́n ti ilé ìjọsìn pa, wọ́n sì sun Bíbélì. Wang Mingdao, oníwàásù, lo ọdún tó lé ní 20 lẹ́wọ̀n títí di 1980. Ọ̀pọ̀ rò pé ìjọ ti kú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀kùn tún ṣí, àwọn onígbàgbọ́ tó jáde pọ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Ní ìlú Nanjing lónìí, ilé ìtẹ̀wé kan ti tẹ Bíbélì tó lé ní 200 mílíọ̀nù.

Mo padà bá ọ̀rẹ́ mi. Mo gbà fún un pé a ti fi àdúrà bo ọ̀lẹ mọ́lẹ̀. Mo sì sọ fún un pé ojú irin kọ́ ni mò ń wá lọ́dọ̀ Ọlọ́run ní òru. Òun fúnra rẹ̀ ni. Kò tíì wá sí ìpàdé wa, ṣùgbọ́n ó ní òun ń ronú.

Ìbéèrè fún ìjíròrò: Iṣẹ́ wo ni mo ti fi àdúrà sá fún?

Àdúrà: Olúwa, fún wa ní ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ àti orúnkún tó ń kúnlẹ̀. Àmín.