Òkúta Tìróò Lẹ́nu Ẹ̀rọ XRF

Nínú ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí, a ó gbé ìwé sílẹ̀ díẹ̀, a ó sì mú òkúta lọ́wọ́.

Ẹni tó bá lọ sí ọjà Odò-Orí níhìn-ín ní Ìwó, tó béèrè tìróò, wọ́n lè ta òkúta rẹ̀ fún un, wọ́n sì lè ta èyí tí wọ́n ti lọ̀ kúnná. Òkúta náà kéré lójú ṣùgbọ́n ó wúwo lọ́wọ́. Ó dúdú, ó sì ń dán bí ẹni pé fàdákà wà nínú rẹ̀. Àwọn ìyá wa a máa lé e fún ọmọ tuntun, àwọn ìyàwó a máa lé e, àwọn ọkùnrin wa náà a sì máa lé e nítorí pé sunna ni. Kí wá ni òkúta yìí gan-an?

Ithmid ni orúkọ tí a bá nínú hadisi, ọ̀pọ̀ atúmọ̀ èdè sì túmọ̀ rẹ̀ sí òkúta áńtímónì. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù ní ọjà lóde òní kì í ṣe áńtímónì. Galena ni, òkúta òjé, òjé kan náà tó wà nínú bátìrì mọ́tò. Nínú kílò kan galena tó mọ́ gaara, nǹkan bí gíráàmù 866 ló jẹ́ òjé. Òkúta áńtímónì náà dúdú, òun náà ń dán, nítorí náà ó ṣòro láti fi ojú lásán yà wọ́n sọ́tọ̀. Ní ọdún 2011, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi òjé hàn lára ọmọ oṣù mẹ́fà kan tí ìdílé rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Nígbà tí wọ́n wádìí rẹ̀ dé ìdí, tìróò tí wọ́n ń lé fún un ni. Òjé kó ìdá 82.6 nínú ọgọ́rùn-ún tìróò náà.

Báwo la ṣe lè mọ èyí tó wà lọ́wọ́ wa? Ẹ̀rọ kan wà tí àwọn onímọ̀ òkúta ń gbé káàkiri, XRF alágbèéká ni wọ́n ń pè é. Ó rí bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ́ irun gbẹ ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí. A ó tẹ imú rẹ̀ mọ́ òkúta, a ó fa ohun ìfà rẹ̀, kí ìṣẹ́jú kan sì tó pé, orúkọ àti iye ohun tó bá rí yóò yọ lójú rẹ̀.

Kì í ṣe idán. Túùbù kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó ń tan ìtànṣán X-ray, irú èyí tí wọ́n fi ń ya àwòrán egungun ní ọsibítù. Bí ìtànṣán yìí bá kọlu òkúta, yóò lé ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan kúrò nítòsí àárín átọ́ọ̀mù. Òmíràn tó wà lókè yóò já wálẹ̀ láti dí àyè náà, agbára tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ yóò sì jáde ní ìtànṣán tuntun. Ìtànṣán tuntun yìí ló dà bí oríkì, nítorí pé ohun kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Ti irin jẹ́ 6.4, ti síǹkì jẹ́ 8.6, ti òjé jẹ́ 10.55, ti áńtímónì jẹ́ 26.4, keV sì ni a fi ń wọ̀n wọ́n. Ẹ̀rọ náà a gbọ́ oríkì, a mọ ẹni tí wọ́n ń kì. Bí a bá sì kì í lemọ́lemọ́, a mọ̀ pé ó pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin ará England kan, Henry Moseley, ló to oríkì wọ̀nyí sí ipò ní ọdún 1913. Ọmọ ọdún 27 péré ni nígbà tí ìbọn pa á lójú ogun ní Gallipoli, ní ọdún 1915. (Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ẹ ṣì kéré, ẹ gbọ́ o.)

Àwọn ohun kan wà tí ẹ̀rọ yìí kò lè gbọ́ oríkì wọn. Ohùn kábọ̀n àti ti ọ́síjìn lọ sílẹ̀ jù, wọn kì í dé etí rẹ̀. Kò sì lè pe orúkọ òkúta fún wa. Òjé àti ìmí-ọjọ́ ni yóò kà, àwa ni yóò fi ọgbọ́n mọ̀ pé galena ni.

Ó kù bí a ti ń lò ó, níbẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi í lé mi lọ́wọ́, ní ìdí àpáta kan lọ́nà Ìwó sí Òṣogbo, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara òkúta bí mo ti bá a. Irin tó kà pọ̀ débi pé mo ti ń pariwo pe àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Ọ̀gá wa kò bá mi wí. Ó mú òòlù, ó fọ́ òkúta náà sí méjì, ó ní kí n tún un tẹ̀ nínú. Irin náà kò tó ìdá mẹ́ta ti àkọ́kọ́. Èèpá pupa tí òjò àti oòrùn ti fi bo òkúta ni mo ti ń wọ̀n. Ìtànṣán tó ń padà bọ̀ kì í ti ibi jíjìn wá. Ti irin kò ju ìdá díẹ̀ nínú mìlímítà kan lọ, ohun tó bá wà lábẹ́ ìyẹn, ẹ̀rọ kò mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, kí a tó wọn òkúta, kí a fọ́ ọ, kí a gún un kúnná, kí a sẹ́ ẹ, kí a sì pò ó pọ̀ dáadáa. Bí erùpẹ̀ bá tutù, kí a kọ́kọ́ sá a gbẹ, nítorí omi a máa dín iye tí ẹ̀rọ ń kà kù. Kí a bu ú sínú ife kékeré tí wọ́n fi ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ìdí rẹ̀, kí imú ẹ̀rọ kan ọ̀rá náà pẹ́kípẹ́kí. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ náà móoru ná. Lẹ́yìn náà, ẹ fi erùpẹ̀ ìdánwò tí a ti mọ iye inú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ dán an wò, kí ẹ sì fi iyanrìn funfun tó mọ́ dán an wò pẹ̀lú. Bí ó bá rí òjé nínú iyanrìn tí kò ní òjé, imú rẹ̀ ló dọ̀tí. Ẹ wọn òkúta kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìṣẹ́jú kan fún ìgbà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa gbọn ife náà láàárín.

Ẹ má ṣe gún tìróò nínú odó iyán, ẹ má sì ṣe lọ̀ ọ́ lórí ọlọ ata. Ẹ fi nǹkan bo imú. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ di òkúta mú níwájú ẹ̀rọ, ẹ má sì na imú rẹ̀ sí ènìyàn láé, ìbáà jẹ́ eré. Kí aláboyún jìnnà sí i. Ní orílẹ̀-èdè yìí, àjọ NNRA ló ń ṣàkóso irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ẹni tí wọ́n bá sì ti kọ́ ni kó máa lò ó.

Ẹni tó bá rò pé eré ilé-ìwé ni gbogbo èyí, kó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Zamfara ní ọdún 2010. Àwọn ará abúlé Dareta àti Yargalma ń wa wúrà. Òkúta tí wọ́n ń wà ní òjé nínú, wọn kò mọ̀. Wọ́n ń gbé e wálé, àwọn ìyá sì ń fọ́ ọ, wọ́n ń lọ̀ ọ́ nínú agbo ilé níbi tí àwọn ọmọ ti ń rá. Nínú agbo ilé 119 tí àwọn olùwádìí dé ní abúlé méjèèjì, ọmọ 118 nínú 463 tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló ti kú láàárín ọdún kan. Innaa lillaahi. Gbogbo ọmọ 204 tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò pátá ni òjé wà lára wọn.

XRF alágbèéká ni wọ́n fi ń yẹ ilẹ̀ wò láti ilé dé ilé. Ìwọ̀n tí Amẹ́ríkà fi ààlà sí nígbà náà fún ilẹ̀ tí ọmọdé ń ṣeré lé jẹ́ 400 ppm, ìyẹn gíráàmù òjé kan nínú kílò méjì àbọ̀ erùpẹ̀. Ní ọdún 2024, wọ́n dín in kù sí 200. Níbòmíràn ní Zamfara, ẹ̀rọ kà ju 100,000 lọ, ìdá kan nínú mẹ́wàá erùpẹ̀ náà jẹ́ òjé. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n mọ ilé tó yẹ kí wọ́n gbẹ́ òkè ilẹ̀ rẹ̀ kúrò, kí wọ́n fi erùpẹ̀ tó mọ́ rọ́pò rẹ̀. Ọdún 2013 ni wọ́n tó tún Bagega ṣe, kí ìtọ́jú àwọn ọmọ ibẹ̀ tó lè bẹ̀rẹ̀.

Mo mọ ìbéèrè tó wà lọ́kàn àwọn kan: ṣé ẹ̀rọ yìí lè fi wúrà hàn wá? Wúrà wà ní ìpínlẹ̀ wa lóòótọ́, ní agbègbè Iléṣà, ilé-iṣẹ́ Sẹgilọlá sì ti ń yọ́ ọ láti ọdún 2021. Ṣùgbọ́n gíráàmù díẹ̀ ló máa ń wà nínú tọ́ọ̀nù òkúta kan, iye yẹn sì kéré jù fún ẹ̀rọ ọwọ́ yìí. Oríkì wúrà, 9.71, sì sún mọ́ ọ̀kan nínú ti síǹkì, tó jẹ́ 9.57, ẹ̀rọ a sì máa ṣì wọ́n gbọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá fi nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ ta ilẹ̀ wúrà fún yín, ẹ má ì sanwó. Ẹ gbé òkúta náà lọ síbi tí wọ́n ti ń yọ́ ọ nínú iná wọ̀n.

Òjé ni ẹ̀rọ náà mọ̀ dáadáa, ẹ jẹ́ kí a padà sórí tìróò. Bóyá ó tọ́ kí a lé e tàbí kò tọ́, àwọn àlùfáà ni ẹ ó bi. Ohun tí a lè gbé lọ síwájú wọn ni pé èyí tó wà nínú ìgò yìí, òjé ni tàbí áńtímónì. Ní tèmi, èyí tí ẹ̀rọ bá ti ka òjé nínú rẹ̀, kò gbọdọ̀ kan ojú ọmọ mi, ọmọ tí wọ́n sì ti ń lé e fún tẹ́lẹ̀, kí wọ́n gbé e lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ yẹ ti ilé yín wò, ẹ má ṣe wọ̀n ọ́n nínú ìgò onírin tó wà, nítorí ìgò ni ẹ̀rọ yóò kà. Ẹ bu díẹ̀ sínú ọ̀rá tó mọ́, ẹ dì í, kí ẹ sì kọ ọjà tí ẹ ti rà á àti ọjọ́ tí ẹ rà á sára rẹ̀ kí ẹ tó mú òmíràn. Lẹ́yìn náà, ẹ fọ ọwọ́ yín.