Ẹ Má Fi Ọmọ Yín Ṣe Ògbufọ̀ Ọ̀rọ̀ Ara Rẹ̀

Ẹ̀yin bàbá tí ẹ ń tọ́ ọmọbìnrin nílẹ̀ àjòjì ni mo ń bá wí lọ́sẹ̀ yìí, ì báà ṣe àlejò tó wá dáko lọ́dọ̀ wa, ì báà ṣe ọmọ wa tó ń gbé Kùmásì tàbí Lọ́ńdọ̀nù.

Ní Ìràwọ̀ níbí, a ní àgbẹ̀ tí wọ́n ti Benin wá, ilẹ̀ tí à ń pè ní Dàhòmì títí di 1975. Ọ̀kan nínú wọn, ará Ìbàrìbá, fa ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún 13 wá sí dìsípẹ́ńsárì wa láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ìyá ọmọ wà nílé lọ́hùn-ún. Bàbá kò gbọ́ Yorùbá tó nǹkan. Ọmọ tó ń lọ sílé-ìwé níbí ló gbọ́ ọ. Mo béèrè ohun tó gbé wọn wá. Ọmọ dorí kodò, ó ní: "Bàbá ní kí ẹ yẹ̀ mí wò bóyá ọkùnrin ti bà mí jẹ́."

Ẹ wo ẹrù tí a gbé lé ọmọdé lórí! Èmi náà jẹ̀bi, nítorí mo ṣì ti ẹnu rẹ̀ bi bàbá rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta-mẹ́rin kí ojú tó tì mí. Mo ránṣẹ́ pe ìyá kan tó gbọ́ èdè wọn, mo bẹ̀ ẹ́ kí ó pa ẹnu mọ́, mo sì ní kí bàbá jókòó síta ná. Nǹkan oṣù ni ọmọ náà kọ́kọ́ rí. Bàbá rí ẹ̀jẹ̀ láṣọ rẹ̀, ó sì ti nà án lálẹ́ àná.

Nígbà tí mo pè é wọlé, mo sọ fún un pé kò sí àyẹ̀wò tó lè fi hàn bóyá ọmọbìnrin ti mọ ọkùnrin. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ bẹ́ẹ̀ ní 2018. Ọmọ mìíràn a rí nǹkan oṣù ní ọdún 9, òmíràn a di 15. Lọ́dún àkọ́kọ́, ó lè fo oṣù kan láìsí oyún níbẹ̀. Kí ó máa pààrọ̀ aṣọ ní wákàtí 4 sí 6, kí ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ó sá a sóòrùn, kì í ṣe abẹ́ ẹní. Lóòótọ́ ó lè lóyún báyìí bí ó bá bá ọkùnrin lò pọ̀. Kí bàbá bá a sọ ọ́ láìjágbe.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù nìyí. Bí ẹnikẹ́ni bá fipá bá ọmọ lò pọ̀, ó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ oògùn tó ń dènà HIV kí wákàtí 72 tó kọjá. Ti oyún kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 5 lọ. Ọmọ tó ń bẹ̀rù pàṣán bàbá rẹ̀ kì yóò sọ ọ́ títí wákàtí wọ̀nyẹn yóò fi tán.

(Ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà láàárín ọdún 9 sí 14, kí ó béèrè abẹ́rẹ́ HPV tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì dé Ọ̀yọ́ ní 2024.)

Bàbá náà dákẹ́ pẹ́. Kí ó tó lọ, ó ní kí ìyá yẹn bá òun bi mí, iye aṣọ tí ọmọ náà nílò. Mo ní mẹ́fà, kí ó jẹ́ òwú.