Wáyà Tó Kúrú Jù: Bí A Ṣe Lè Ṣe Áńtẹ́nà Rédíò Nílé

Ẹ̀kọ́ tí mo mú wá lónìí dá lórí áńtẹ́nà tí èmi àti Dádì mi ṣe nílé wa ní Lọ́ńdọ̀nù. A ṣe é, mo bà á jẹ́, a tún un ṣe. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ibi tí mo ti ṣì í, kí tiyín má baà bàjẹ́.

Dádì mi ń ṣe amateur radio. Kì í ṣe rédíò tí wọ́n fi ń gbọ́ ìròyìn o. Èyí, èèyàn lè gbọ́rọ̀, ó sì lè fèsì. Ẹnikẹ́ni ló lè gbọ́ ọ, àmọ́ kí èèyàn tó lè sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀ níbí, ó gbọ́dọ̀ yege ìdánwò kó sì gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ Ofcom. Ọmọdé náà lè ṣe ìdánwò yẹn. Èmi náà ń kàwé fún un.

Ní gbogbo alẹ́ Sọ́ńdè, Dádì máa ń bá ọ̀rẹ́ wọn kan sọ̀rọ̀. Òyìnbó àgbàlagbà ni bàbá náà, wọ́n sì ń dá gbé. Ìgbà tí atẹ́gùn ṣẹ́ áńtẹ́nà wa àtijọ́ ni Dádì ní ká ṣe tuntun fúnra wa.

Ìṣirò rẹ̀

Ìgbì rédíò ń rìn bí ìgbì omi, àmọ́ a ò lè fojú rí i. Èyí tí a fẹ́ lò wà láàárín 144 sí 146 megahertz, nítorí náà a mú 145. Ìyẹn ni pé ó ń mì ní ìgbà mílíọ̀nù 145 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan péré! Láti mọ bí ìgbì kan ṣe gùn tó, ẹ pín 300 sí ọ̀nà 145. Ẹ ó rí nǹkan bíi mítà 2.07. Ìdámẹ́rin rẹ̀ ni áńtẹ́nà wa, ìyẹn sẹ̀ńtímítà 51.7. Àmọ́ wáyà gidi máa ń fẹ́ kí a dín in kù díẹ̀, kó tó nǹkan bíi 49.

Ẹ rántí gángan. Tí onílù bá fún ọ̀ṣán rẹ̀, ohùn á lọ sókè. Tó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn á wálẹ̀. Wáyà náà rí bẹ́ẹ̀: tó bá kúrú, megahertz rẹ̀ á lọ sókè, tó bá gùn, á wálẹ̀.

Àwọn nǹkan tí a lò

- Wáyà bàbà líle, mítà 3
- Sọ́kẹ́ẹ̀tì SO-239 kan, èyí tó ní ihò mẹ́rin ní igun rẹ̀
- Bóòtù àti nọ́ọ̀tì kékeré mẹ́rin
- Okùn coax àti páìpù oníke
- Ẹ̀rọ tó ń wọn SWR

Bí a ṣe ṣe é

1. A gé wáyà kan ní sẹ̀ńtímítà 52. A mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó gùn ju 49 lọ ni. A gé mẹ́rin míì ní 54.
2. Dádì fi irin gbígbóná yọ́ òjé, wọ́n fi lẹ wáyà àkọ́kọ́ mọ́ àárín sọ́kẹ́ẹ̀tì, kó dúró gangan. Àgbàlagbà ni kó ṣe èyí o.
3. A fi bóòtù de àwọn mẹ́rin yòókù mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a sì tẹ̀ wọ́n wálẹ̀ ní 45 digirí, bí ẹsẹ̀ àga tó là.
4. A ki okùn coax gba inú páìpù, a sì so ó mọ́ ìdí sọ́kẹ́ẹ̀tì.
5. A ká ṣóńṣó gbogbo wáyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ìsàlẹ̀ díẹ̀, kó má baà gún ẹnikẹ́ni lójú.

Ibi tí mo ti ṣì í

Ẹ̀rọ SWR ló máa ń sọ bóyá agbára rédíò ń jáde tàbí ó ń padà sẹ́yìn. 1 ló dáa jù. Tí kò bá ju 1.5 lọ, kò burú. Tó bá di 3, ìdámẹ́rin agbára ń padà nìyẹn. Dádì wọ̀n ọ́n ní 144 àti ní 146. Tí ti 144 bá kéré ju ti 146 lọ, wáyà ti gùn jù. Tí ti 146 ló bá kéré, wáyà ti kúrú jù.

Tiwa gùn jù. Dádì ní kí n máa gé e ní ìdajì sẹ̀ńtímítà, ká máa wọ̀n ọ́n lẹ́yìn gígé kọ̀ọ̀kan. Mo gé e lẹ́ẹ̀kan, nọ́ńbà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà. Ó sú mi. Nígbà tí Dádì lọ mu omi, mo mú ẹ̀mú, mo gé sẹ̀ńtímítà 9 lẹ́ẹ̀kan náà. SWR fò kọjá 3! Wáyà sì ti tán nílé.

Nígbà tó di alẹ́, a gbọ́ bàbá yẹn lórí rédíò. Wọ́n ń pe Dádì mi. Wọ́n pè, wọ́n dúró, wọ́n tún pè. Dádì ò lè dá wọn lóhùn, torí ó lè ba rédíò jẹ́. Lẹ́yìn náà Dádì tẹ̀ wọ́n láago, wọ́n ní àwọn ti rò pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀ sí wa ni. Dádì ò bá mi wí. Wọ́n kàn ní, "Ọmọ mi, a lè gé wáyà sí i, a ò lè fà á gùn." Ojú tì mí gan-an.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ Yorùbá, a fi wáyà tuntun sí i. Ìdajì sẹ̀ńtímítà ni mò ń gé lọ́tẹ̀ yìí. Mo gé, a wọ̀n, a kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó ku sẹ̀ńtímítà 49, ó jẹ́ 1.2 ní 144, 1.2 náà ní 146. Lálẹ́ ọjọ́ kejì bàbá náà pè, Dádì sì fèsì lójú ẹsẹ̀.

Ẹ má ṣe gbé áńtẹ́nà sún mọ́ wáyà iná mànàmáná o, ẹ má sì ṣiṣẹ́ níta tí àrá bá ń sán. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gungi. Tí ẹ bá ṣe tiyín, ẹ fi nọ́ńbà yín hàn mí ní kíláàsì. Ó dìgbà o!