Kí Ni Ẹ̀rọ Ìfọṣọ Náà Ń Dúró Dè?

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Òwu-Ìsin, bí wọ́n bá pè yín pé ẹ̀rọ ìfọṣọ tanná ṣùgbọ́n kò fọṣọ, ẹ má tíì tú ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni kò bàjẹ́ rárá. Ó ń dúró de nǹkan ni: ilẹ̀kùn tí kò wọlé dáadáa, omi tí kò dé, iná tí kò tó, tàbí omi ìdọ̀tí tí kò rí ọ̀nà jáde.

Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí lọ́dọ̀ wa. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ yìí gbà pé omi yóò máa fi agbára tì wá láti inú páìpù. Táńkì ló ń fún tiwa lómi, gíga mítà 1 kì í sì í fún omi ní agbára tó ju nǹkan bí báà 0.1 lọ. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń béèrè 0.3 ó kéré tán. Táńkì tí wọ́n gbé ka búlọ́ọ̀kù mẹ́ta, ibo ló ti fẹ́ rí i? Bí táńkì bá ga tó, ẹ ti omi pa, ẹ tú họ́ọ̀sì tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ, ẹ wo ẹnu ibi tí omi ń gbà wọlé. Asẹ́ kékeré kan wà níbẹ̀. Ẹ fi ẹmú fà á jáde jẹ́jẹ́. Níbi tí omi kànga ẹlẹ́rọ bá ti ń ru yanrìn, ẹ ó bá a tó dí pinpin. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó fọ̀ ọ́, kí ẹ dá a padà. Mo mọ àwọn tó ń jù ú nù kí omi lè yára. Yanrìn á wọnú fáàfù, fáàfù ò ní lè pa omi mọ́, ilé á kún.

Ẹ má wọn iná nígbà tí ẹ̀rọ dákẹ́ jẹ́ẹ́. Mítà lè ka fọ́ọ̀tì 210 nígbà náà, kó sì já wálẹ̀ gan-an bí mọ́tò bá fẹ́ yí. Ní ti jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní “I-pass-my-neighbour”, ẹ sọ fún onílé kó yí i sí omi tútù. Ohun tó ń mú omi gbóná nìkan lè gba nǹkan bí wáàtì 2,000, èyí tó ju agbára jẹnẹrétọ̀ yẹn lọ.

Bí ẹ bá ti ilẹ̀kùn, ẹ dẹtí sí i kó dún “kọ́”. Bí kò bá dún, ẹ pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ẹ má fi wáyà fò ó, torí ọmọdé wà nílé.

Ẹ̀rọ tí ibi ìfọṣọ àti ibi ìfúnṣọ rẹ̀ wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tó ń kùn tí kò yí, kapásítọ̀ ló sábà máa ń fà á. Ẹ rántí pé iná ṣì lè wà nínú kapásítọ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ẹ̀rọ lára iná. Ẹ kọ́kọ́ fi gílóòbù olókùn fà á tán, kí ẹ sì fi mítà wò ó kí ọwọ́ yín tó kàn án.

Bọ́ọ̀dù tó ń darí ẹ̀rọ ló kẹ́yìn. Àwọn kan á ti dá a lẹ́bi kí wọ́n tó bọ́ bàtà wọlé oníbàárà. Bó bá jẹ́ òun lóòótọ́, ẹ ka nọ́ńbà ara rẹ̀, torí méjì tó jọra lójú lè má bá ara wọn mu. Ẹ sọ iye rẹ̀ fún onílé kí ẹ tó wọkọ̀ lọ Ìlọrin lọ rà á, torí ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ẹ̀rọ àlòkù.