Àdùkẹ́, Ohun Tí Wàá Fi Kọ Ìwé Oyè Ọ̀mọ̀wé Rẹ Rèé

Òkèṣà, Adó-Èkìtì

Àdùkẹ́ mi,

Mo gbọ́ pé wọ́n ti fọwọ́ sí àkọlé iṣẹ́ rẹ, pé orí kìn-ín-ní ló kàn. Olúwa yóò ṣe é ní àṣeyọrí. Ìbéèrè tí o fi kún un ló jẹ́ kí n kọ lẹ́tà dípò kí n pè ọ́ lórí fóònù. O ní ẹnì kan ń sọ pé Word ni kí o lò, ẹnì kejì ń polówó LaTeX, ẹnì kẹta ń bú àwọn méjèèjì.

Èrò tèmi ni pé kí o kọ ọ́ sínú fáìlì ọ̀rọ̀ lásán, èyí tí kò sí nǹkan mìíràn nínú rẹ̀ ju lẹ́tà àti àmì lọ, tí kọ̀ǹpútà èyíkéyìí lè ṣí lónìí àti lógún ọdún sí i. Àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní ìdí tiwọn tí wọ́n fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Ní tèmi, ẹ̀ka-èdè Èkìtì tí o ń ṣe ìwádìí lé lórí ni mo ń rò.

Yorùbá àjùmọ̀lò ní fáwẹ́lì àìránmúpè méje, ti Èkìtì jẹ́ mẹ́sàn-án. Ìyẹn ni pé ɪ àti ʊ yóò kún ojú ewé rẹ, pẹ̀lú àmì ohùn lórí wọn, kí a tó sọ ti ẹ, ọ àti ṣ. Láyé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, bírò ni wọ́n fi ń fa irú àmì bẹ́ẹ̀ sórí ìwé tí wọ́n ti tẹ̀. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, àwọn kan ṣe fọ́ǹtì tara wọn: wọ́n gba àyè lẹ́tà tí wọn kò lò, wọ́n ya ẹ tàbí ṣ síbẹ̀. Ó máa ń dára lójú ẹni tó kọ ọ́. Gbé e dé bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà tí kò ní fọ́ǹtì náà, ó di wúruwùru. Unicode, tí ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1991, ló gba wá sílẹ̀, torí ó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí kì í yí padà.

Ibì kan ṣì kù tó ń yọ ènìyàn lẹ́nu, fara balẹ̀ kà á. Unicode ní nọ́ńbà fún ẹ, ó ní fún é, ṣùgbọ́n kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ́. Ńṣe là ń tò ó pọ̀. Ẹnì kan á tẹ ẹ kó tó fi àmì òkè lé e. Ẹlòmíràn á bẹ̀rẹ̀ láti orí é, á wá fi àmì sí abẹ́ rẹ̀. Ẹlòmíràn á kó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mẹ́ta jọ. Bákan náà ni gbogbo wọn rí lójú wa, àmọ́ ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà kò gbà pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Tí o bá ń wá ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tí o gbà sílẹ̀ ní Ìyìn àti Ìjerò, ètò náà lè rí ti Ìyìn kó fo ti Ìjerò, kìkì nítorí pé kíbọ́ọ̀dù méjì ni ẹ fi tẹ̀ wọ́n. Iye tí kò tọ̀nà ló máa wọ inú tábìlì rẹ, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀. Nítorí náà, kíbọ́ọ̀dù Yorùbá kan ṣoṣo ni kí o lò látìbẹ̀rẹ̀ dópin, UTF-8 ni kí o fi pa fáìlì mọ́, kí o sì ní kí ẹni tó bá mọ Python sọ gbogbo rẹ̀ di NFC fún ọ, ìyẹn ọ̀nà ìtò kan ṣoṣo fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ìlà díẹ̀ ni, tí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán.

Ní ti orúkọ ètò, Markdown, ìlànà fífi àmì díẹ̀ sínú ọ̀rọ̀ lásán láti fi àkọlé àti àtẹnumọ́ hàn, ti tó ọ. John Gruber ló gbé e jáde ní 2004, ọ̀sán kan ni wàá fi mọ̀ ọ́n. Pandoc ni yóò sọ ọ́ di Word tàbí PDF. Ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ fílọ́sọ́fì ní Berkeley, John MacFarlane, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2006. Fi Zotero tọ́jú ìwé ìtọ́kasí. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn. Àwọn alámòójútó rẹ máa béèrè Word kí wọ́n lè kọ àlàyé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Má bá wọn jiyàn, fún wọn. Tí wọ́n bá dá a padà, ìwọ fúnra rẹ ni yóò máa kó àtúnṣe wọn wọ fáìlì rẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń súni, n kò ní parọ́ fún ọ.

Tí ó bá jẹ́ ìṣirò lo ń ṣe, bíi ti Ọ̀jọ̀gbọ́n Adégòkè Olubummo, ọmọ Orin-Èkìtì, LaTeX ni ǹ bá sọ láìronú. Fún ìwọ, ó di ìgbà tí o bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́. XeLaTeX ni kí o lò nígbà náà pẹ̀lú fọ́ǹtì Charis SIL, torí LaTeX àtijọ́ á mú kí o máa kọ àṣẹ gígùn fún ẹ kọ̀ọ̀kan. Notepad++ tàbí VS Code ni kí o máa fi tẹ ọ̀rọ̀. Mo fẹ́ràn Vim, torí pé Bram Moolenaar tó ṣe é, tó kú ní 2023, kò gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ní kí àwọn tó ń lò ó ran àwọn ọmọ aláìní ní Kibaale ní Uganda lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọdún oyè ọ̀mọ̀wé kọ́ ni ọdún kíkọ́ Vim.

O mọ bí iná ṣe rí nílùú yìí, o sì mọ iye tí dátà jẹ́. Má gbé gbogbo iṣẹ́ rẹ lé ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀kẹ́ mẹ́rin ọ̀rọ̀ nínú fáìlì lásán kò tó megabyte kan; ọ̀pọ̀ fọ́tò fóònù tóbi jù ú lọ. Kò sí àwáwí láti má ṣe ní ẹ̀dà níbi púpọ̀. Níyì Ọ̀ṣúndáre, ọmọ Ìkéré-Èkìtì, wà ní New Orleans ní 2005 nígbà tí ìjì Katrina jà. Òun àti ìyàwó rẹ̀ há sábẹ́ òrùlé fún ohun tó ju ọjọ́ kan lọ kí wọ́n tó rí wọn yọ, omi sì ba ìwé rẹ̀ àti àwọn iṣẹ́ tí kò tíì tẹ̀ jáde jẹ́. Fi ọ̀kan sínú fláàṣì, ọ̀kan sínú ímeèlì, kí o sì fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Èmi kò ní kà á títí wàá fi ní kí n kà á.

Má ra kọ̀ǹpútà tuntun nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ ti tó. Bẹ̀rẹ̀ lọ́la.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ