Ọmọ tí Ọ̀rọ̀ Wà Nínú Rẹ̀, tí Ẹnu Kò Lè Sọ

Ìka kò dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ilé-ìwé kò rí bákan náà. Òmíràn wà tí kì í wo ojú ẹni tí ó ń bá a sọ̀rọ̀. Bí a bá pè é, kò ní dáhùn. Bí agogo bá sì dún lójijì, yóò di etí, yóò fi igbe ta. Àwọn tí kò mọ̀ a máa pè é ní alágídí. Àwọn mìíràn a ní ayé ni ó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ọ́tísíìmù ni ó wà lára rẹ̀.

Ọ́tísíìmù kì í ran ènìyàn. Bí a ti dá ọpọlọ ọmọ náà ni. Láti kékeré ni ó ti wà lára rẹ̀, yóò sì bá a dàgbà. Àwọn kan tí ó ní i kì í sọ̀rọ̀ rárá, àwọn mìíràn a sì máa sọ ọ́ dáadáa. Ní ọdún 1943 ni Leo Kanner, oníṣègùn kan ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa àwọn ọmọ 11 tí ó rí i lára wọn. Lẹ́yìn náà ni àwọn oníṣègùn kan di ẹ̀bi rẹ̀ ru àwọn ìyá, pé wọn kò fẹ́ràn ọmọ wọn tó. A ti wá mọ̀ pé èyí kì í ṣe òtítọ́.

Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, tí kò sì lè béèrè omi, kò ní ṣàì ké. Nítorí irú èyí ni Andy Bondy àti Lori Frost ṣe dá ọ̀nà kan sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Delaware ní ọdún 1985. Àwòrán omi, oúnjẹ àti ohun ìṣeré ni wọ́n ń lò. Bí ọmọ bá fẹ́ omi, yóò fi àwòrán omi lé olùkọ́ lọ́wọ́, olùkọ́ yóò sì fún un ní omi lẹ́sẹ̀kan náà. Bí ó bá mọ èyí tán, yóò kọ́ bí a ti ń to àwòrán pọ̀ di gbólóhùn. Àwọn òbí a máa bẹ̀rù pé àwòrán yóò dí ọ̀rọ̀ ẹnu lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìpayà àti ìbínú náà ń fẹ́ ọ̀nà àbájáde. A bí Temple Grandin ní ìlú Boston ní ọdún 1947. Ó lé ní ọmọ ọdún mẹ́ta kí ó tó sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó wà ní ilé-ìwé, ọmọbìnrin kan bú u, ó sì ju ìwé lù ú. Wọ́n lé e kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ní oko màlúù àwọn ẹbí rẹ̀ ní Arizona, ó ṣàkíyèsí pé bí ẹ̀rọ bá há màlúù mọ́ra ní ìhà méjèèjì, ara ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa rọ̀. Ó kan irú rẹ̀ fún ara rẹ̀. Bí àyà rẹ̀ bá ń já, yóò wọ inú rẹ̀, ọkàn rẹ̀ yóò sì balẹ̀. Àwọn kan ní kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n olùkọ́ sáyẹ́ǹsì rẹ̀ ní kí ó fi ìmọ̀ wádìí ìdí tí ó fi ń mú ara tù ú. Láti ibẹ̀ ni ó ti tẹra mọ́ ẹ̀kọ́. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ẹran ọ̀sìn ní ọdún 1989, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Colorado.

Nítorí náà, ó yẹ kí olùkọ́ fi àwòrán iṣẹ́ ọjọ́ kọ́ ara ògiri, kí ó sì sọ fún ọmọ náà ṣáájú bí ohun kan yóò bá yí padà. Bí ó bá ń ké, kí a má ṣe nà án, kí a má sì da ọ̀rọ̀ bò ó. Kí a mú un lọ síbi tí ó pa rọ́rọ́ títí ara rẹ̀ yóò fi balẹ̀. Ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni pé kí wọ́n má fi í ṣe yẹ̀yẹ́, kí wọ́n sì dúró de èsì rẹ̀, bí ó tilẹ̀ pẹ́. Ìbínú kò da nǹkan kan. Sùúrù ni baba ìwà. Igbe ọmọ náà pàápàá, ọ̀rọ̀ ni.

Ìbéèrè
1. Kí ni àwọn tí kò mọ̀ máa ń sọ nípa ọmọ tí ó ní ọ́tísíìmù?
2. Báwo ni ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀ ṣe lè fi àwòrán béèrè omi?
3. Kí ni olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ṣe tí ó yàtọ̀ sí ti àwọn mìíràn?
4. Ṣàlàyé gbólóhùn tí ó parí àròkọ yìí.